Ọrùn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò: bí mo ṣe ń ra jìtá béèsì àlòkù, tí mo ń tún un ṣe, tí mo sì ń tà á n'Ífẹ̀

Ní oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, ọmọkùnrin kan láti Mọ̀dákẹ́kẹ́ gbé jìtá béèsì kan wá sí ìsọ̀ mi ní Lágere. Pupa fòò ni, ó ń dán bíi mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kò sí nǹkan tó ṣe é o, wáyà kan ló já nínú rẹ̀." ₦110,000 ló rà á, owó tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ kó jọ. Mo gbé e dání, mo di ojú kan, mo fi ojú kejì tọ etí ọrùn rẹ̀ láti ìdí lọ sí orí, bí ọdẹ ṣe ń tọ ẹnu ìbọn. Ọrùn náà ti lọ́. Etí tó wà lábẹ́ okùn tó nípọn jù ti wọlẹ̀, etí kejì ti yọ sókè. Wáyà tó já, kò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ọrùn tó lọ́, mi ò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Ó dùn mí gan-an, nítorí ká ní ó mú un wá kó tó sanwó ni, ìṣẹ́jú kan péré ni mo máa fi sọ fún un pé kó dá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń lu béèsì ní ṣọ́ọ̀ṣì àti lóde àríyá, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ra àlòkù, tí mo ń tún un ṣe, tí mo ń tà á. Ohun kan tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé ọrùn lẹ ń rà. Ọ̀dà, wáyà, nọ́ọ̀bù, bíríìjì (irin tó di okùn mú lára béèsì), píkọ́ọ̀pù (ohun tó ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí ámpù), gbogbo wọn ló ní àtúnṣe nínú Ifẹ̀ níbí. Ọrùn tó bá ti lọ́ kò ní.

Ohun tí ẹ máa mú dání lọ wò ó

Ẹ mú téèpù aránṣọ, káàdì ATM mẹ́ta (ẹ yá ti ará ilé), ìwé A4 mẹ́ta, kébù tiyín tí ẹ mọ̀ pé ó dára, bátìrì 9 volt tuntun, ámpù (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè) kékeré tó ń lo bátìrì, àti àlẹ́ẹ̀nì kíì mìlímítà 4 àti 5. Iná fóònù ti tó fún tọ́ọ̀ṣì. Ẹ má lọ lálẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ fún yín pé kò síná, ẹ ṣì lè sanwó, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé. Ìdí tí ẹ fi gbé ámpù oníbátìrì dání nìyẹn.

Ẹ fi ojú tọ ọrùn náà lọ́tùn-ún, ẹ tọ̀ ọ́ lósì. Bí etí méjèèjì bá tẹ̀ bákan náà, ó ní àtúnṣe. Bí ọ̀kan bá ń lọ sílẹ̀ tí èkejì ń lọ sókè, ẹ kí ẹni náà pé ó dàárọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan tẹ okùn E, ìyẹn èyí tó nípọn jù, mọ́ fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn), ẹ fi ọwọ́ kejì tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn. Okùn náà ti di rúlà fún yín báyìí. Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín òun àti fírẹ́ẹ̀tì keje tàbí ìkẹjọ. Ìwé A4 mẹ́ta tí ẹ tò léra ló yẹ kó gba ibẹ̀, nǹkan bíi mìlímítà 0.3. Káàdì ATM kan nípọn tó mìlímítà 0.76. Bí káàdì bá kọjá níbẹ̀ láìkan okùn, ọrùn ti tẹ̀ síwájú jù. Bí okùn bá sùn lé gbogbo fírẹ́ẹ̀tì láìsí àlàfo rárá, ó ti tẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kankan nínú méjèèjì kì í ṣe ìdí láti sá, bí irin inú rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

Irin yẹn ni wọ́n ń pè ní truss rod. Ó gùn láti ìdí ọrùn dé orí, òun ló ń bá okùn jà. Okùn mẹ́rin, bí ẹ bá yí wọn dé ohùn tó yẹ, ń fa nǹkan bíi kílò 80, bí ìgbà tí àgbàlagbà kan rọ̀ mọ́ ọrùn náà tọ̀sán-tòru. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹ fi àlẹ́ẹ̀nì kíì sí ojú ihò rẹ̀ ní orí tàbí ní ìdí ọrùn, ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí òsì, kí ẹ tó dá a padà sí ọ̀tún. Bó bá yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó yè. Bí ihò náà bá ti jẹ róbótó tí kíì kò mú un mọ́, tàbí tó le gan-an tí kò yí rárá, ẹ má fipá mú un. Irin tó já nínú igi, owó títún un ṣe lè ju owó béèsì lọ. Ti àwọn kan tí wọ́n ṣe bíi ti àtijọ́, ìdí ọrùn nínú lọ́hùn-ún ni ojú rẹ̀ wà, ẹ ò lè dé ibẹ̀ láìtú ọrùn. Nígbà náà, ojú àti ìwé A4 lẹ máa gbára lé.

Mi ò kì í wo orúkọ tó wà lórí rẹ̀ títí mo fi parí èyí. Orúkọ rọrùn láti lẹ̀. Láti 1951 tí Leo Fender ti gbé Precision Bass jáde, àti Jazz Bass ní 1960, àwòrán méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ béèsì ń wò ṣe. Èyí tí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ pín sí méjì tí wọn kò sí lórí ìlà kan náà, àwòkọ Precision ni. Èyí tó ní méjì gbọọrọ, àwòkọ Jazz. Àwọn tí mo sábà máa ń rí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni Yamaha, Ibanez, Cort àti Squier, wọ́n sì dára. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń na téèpù aránṣọ. Láti nọ́ọ̀tì, ìyẹn eegun tàbí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn gbà kọjá lọ́dọ̀ orí, dé orí fírẹ́ẹ̀tì kejìlá gbọ́dọ̀ jẹ́ ínṣì 17 lórí béèsì gígùn tó wọ́pọ̀. Láti ibẹ̀ dé ibi tí okùn G, èyí tó tín-ínrín jù, gbà jókòó lórí bíríìjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ 17 náà. Bí èkejì bá fi odidi ìlàjì ínṣì dín, ibi tí kò yẹ ni wọ́n kan bíríìjì mọ́, ohùn rẹ̀ kò sì ní bára mu láé bí ẹ bá ti gòkè ọrùn.

Tòkúnbọ̀ àti àlòkù ilé

Àwọn ènìyàn gbà pé tòkúnbọ̀ ló dára jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Béèsì tó ti ọjà Aláàbà l'Ékòó dé láàárọ̀ yìí, inú kọ̀nténà gbígbóná ló ti ń bọ̀, igi rẹ̀ kò tíì mọ ojú ọjọ́ wa. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì nínú ilé kí ẹ tó fọwọ́ kan truss rod rẹ̀, torí ó ṣì ń rìn. Àlòkù tó ti lo ọdún márùn-ún ní Ìrẹmọ tàbí ní Sábó ti jẹ òjò, ó ti jẹ ọyẹ́. Bí ọrùn rẹ̀ bá ṣì gún, ẹ̀rí nìyẹn.

Ọyẹ́ ní tirẹ̀, ẹ máa fura. Igi máa ń gbẹ, ó máa ń sún kì, etí fírẹ́ẹ̀tì á wá yọ jáde tí á máa ha ọwọ́. Kì í ṣe pé wọ́n ṣe é burúkú. Fáìlì díẹ̀ á tán an. Lásìkò òjò, igi á mumi, ọrùn á tẹ̀ síwájú, okùn á ga. Ẹni tó bá ra béèsì nínú oṣù kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ retí pé òun máa yí irin rẹ̀ tó bá di oṣù kẹfà. Nínú ọyẹ́, mo máa ń fi kànrìnkàn tó tutù díẹ̀ sínú ike ọṣẹ tí mo lu ihò sí, mo máa ń tì í sínú àpò béèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn kan nínú béèsì àlòkù tó ń yí ká, ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti jí wọn. Ọdún 2019, ẹnìkan gbé Yamaha kan wá fún mi ní ìdajì owó. Nígbà tí mo tú àwo irin tó wà lẹ́yìn ìdí ọrùn, mo rí i pé ẹnìkan ti fi máákà kọ orúkọ ẹgbẹ́ akọrin sábẹ́ rẹ̀. Mo béèrè rísíìtì, ó ní òun ń lọ mú un, kò padà wá mọ́. Ẹ béèrè rísíìtì. Bí kò bá sí, kí ẹni tó ń tà á kọ ìwé, kó fọwọ́ sí i níwájú ẹni tó mọ ilé rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ àwo yẹn náà, súkúrú mẹ́rin péré ni, ṣùgbọ́n ẹ dẹ okùn kí ẹ tó tú wọn.

Iná inú rẹ̀

Ẹ ki kébù bọ̀ ọ́, ẹ yí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Bó bá ń ta pàràpàrà, eruku ni, ẹ fi ná ọjà, ẹ má fi kọ̀ ọ́. Omi ìfọ iná tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń fọ́n ló ń tán an: ẹ fọ́n díẹ̀ sínú ihò ẹ̀yìn nọ́ọ̀bù, ẹ yí i ní ogún ìgbà. Ẹ má fi bẹntiróòlù, ẹ má fi kẹrosíìnì, ẹ má fi òróró kankan.

Bí ohùn kò bá jáde rárá, ẹ fi orí súkúrú-díráfà rọra kan irin píkọ́ọ̀pù. Bó bá dún "tọ́" nínú ámpù, ó wà láàyè. Ẹni tó bá ní míta lè wọ̀n ọ́n tààrà lórí wáyà rẹ̀: ti Jazz sábà máa ń wà ní kilo-ohm 7 sí 8, ti Precision ní nǹkan bíi 10 sí 11. Bí míta kò bá ka nǹkan kan, wáyà tín-ínrín inú rẹ̀ ti já.

Kíkùn hùùù ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Ẹ fọwọ́ kan okùn. Bó bá dín kù, wáyà tó lọ sábẹ́ bíríìjì wà níbẹ̀. Bí kò bá yàtọ̀, ó ṣeé ṣe kó ti já. Ẹ tú bíríìjì, ẹ há wáyà tí ẹ ti bó orí rẹ̀ sábẹ́ irin, ẹ dì í padà. Iṣẹ́ ìdajì wákàtí ni, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ohun tó léwu jùyẹn lọ nìyí. Ọ̀pọ̀ ilé àti jẹnẹrétọ̀ wa kò ní wáyà tó lọ sínú ilẹ̀. Okùn béèsì yín so mọ́ ara ámpù. Bí iná bá ti jò sára ámpù, tí ẹ sì fi ètè kan máíkì, ó lè gbé yín. Mo máa ń fi tẹ́sítà kan bíríìjì kí ètò tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá tan iná, mi ò ní lu béèsì náà títí wọ́n á fi wá oníná tó máa so ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀ dáadáa, bó ti wù kí wọ́n máa kánjú tó.

Ti ámpù tòkúnbọ̀, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ki í bọ iná. Iná wa jẹ́ 230 volt. Ti Amẹ́ríkà 120, ti Japan 100. Ámpù àkọ́kọ́ tí mo fi owó ara mi rà, ẹni tó tà á fún mi búra pé òun ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo ki í bọ ògiri, èéfín jáde, ó tán. Ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀ lóòótọ́, inú transformer tó ń dín iná kù ni. Ó gbàgbé láti sọ fún mi, èmi náà ò sì ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí 120V níbẹ̀, ẹ fi owó transformer kún iye tí ẹ máa san, ẹ wá wò ó bóyá ó ṣì pé yín. Ẹ ka ohm sípíkà náà. Bí ámpù bá ní kò gbọdọ̀ kéré sí ohm 4, sípíkà ohm 8 méjì lè so mọ́ ọn, torí méjèèjì pọ̀ á jẹ́ 4. Ẹ má fi ìkẹta kún un.

Nọ́ọ̀tì láti ọ̀dọ̀ alápatà

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù nìyí. Nọ́ọ̀tì oníke tó wà lórí béèsì olówó kékeré máa ń sán, ojú ihò rẹ̀ máa ń jìn, okùn á wá máa lu fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́. Àwọn ènìyàn á ní kí ẹ ra tuntun láti Èkó. Èmi, ọjà Odò-Ògbè ni mo ń lọ. Mo máa ń sọ fún ìyá alápatà kan níbẹ̀ pé, "Màámi, ẹ bá mi fi eegun ojúgun sílẹ̀, ẹ má là á o." Wọ́n ti mọ̀ mí báyìí, wọn kì í béèrè mọ́ bóyá mo fẹ́ se ọbẹ̀.

Ẹ ha ẹran àti mùdùnmúdùn kúrò, ẹ sè é pẹ̀lú ọṣẹ díẹ̀, ẹ pààrọ̀ omi ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta títí òkè omi kò fi ní ọ̀rá mọ́. Ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kì í ṣe inú oòrùn gangan, torí á sán. Ayùn irin lẹ máa fi gé e. Ẹ fi aṣọ bo imú, torí eruku eegun kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń rùn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé sáńpépà lé orí gíláàsì tàbí táìlì tó tẹ́jú, ẹ máa fi eegun náà rìn lórí rẹ̀ títí ó fi máa wọ àyè nọ́ọ̀tì àtijọ́ tímọ́tímọ́.

Fún ihò okùn, ẹ fi ti àtijọ́ ṣe òdiwọ̀n. Nọ́ọ̀tì Jazz sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 38, ti Precision máa ń fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tín-ínrín tí àwọn wẹ́dà fi ń nu ẹnu tọ́ọ̀ṣì wọn ni mo fi ń gé ihò G àti D. Fáìlì róbótó kékeré ni mo fi ń gé A àti E. Kí ihò náà rọra tẹ̀ sílẹ̀ sí ìhà orí. Ẹ má kánjú jìn ín. Ẹ fi okùn sí i, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ fírẹ́ẹ̀tì kẹta, ẹ wo orí fírẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́: àlàfo tí ìwé kan péré lè gbà ló yẹ kó kù. Bí kò bá sí àlàfo, ẹ ti jìn ín jù, ẹ padà lọ bá alápatà. Gúlù díẹ̀ bí orí abẹ́rẹ́ ló tó láti mú un dúró, kí ẹlòmíì lè yọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú láìba igi jẹ́.

Lẹ́yìn tí nọ́ọ̀tì bá jókòó, ẹ tún ọrùn ṣe. Bó bá tẹ̀ síwájú, ẹ yí truss rod sí ọ̀tún; bó bá tẹ̀ sẹ́yìn, sí òsì. Ìdámẹ́rin yíyípo kan ní ẹ̀ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ìgbà yẹn lẹ tó máa fọwọ́ kan gíga okùn ní bíríìjì. Káàdì ATM mẹ́ta tí ẹ tò léra, lábẹ́ okùn E ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìparí ni ohùn: okùn tí ẹ tẹ̀ ní fírẹ́ẹ̀tì kejìlá àti ohùn tó máa ń jáde bí ẹ bá kàn fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì yẹn kan náà gbọ́dọ̀ bára dọ́gba lójú tiúnà (ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn). Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fa ìjókòó okùn náà sẹ́yìn. Bó bá wà nílẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú.

Okùn àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ ti kú, bí owó tuntun kò bá sí, ẹ ká a, ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa. Ohùn á padà fún ìgbà díẹ̀. Ihò súkúrú ìgbàkọ́ tó ti fẹ̀, ẹ fi igi ìtayín àti gúlù káfíńtà dí i, ẹ gé e pẹrẹsẹ, ẹ fi súkúrú padà.

Okùn mẹ́rin tó fẹ́ sọ̀rọ̀ bí márùn-ún

Gbogbo ọ̀dọ́ akọrin ló ń fẹ́ olókùn márùn-ún nítorí B ìsàlẹ̀ yẹn. Mo mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí duru bá lọ sí D tàbí E-flat tí béèsì kò níbi tó máa sọ̀ kalẹ̀ sí. Bí owó kò bá tó, ẹ má ta béèsì dáadáa tí ẹ ní láti ra olókùn márùn-ún burúkú. Ẹ ra okùn olókùn márùn-ún, ẹ yọ èyí tó tín-ínrín jù sọ́tọ̀, ẹ fi mẹ́rin tó kù sórí béèsì yín: B, E, A, D. Okùn B sábà máa ń jẹ́ 130, ìyẹn mìlímítà 3.3, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ fẹ ihò nọ́ọ̀tì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìjókòó B á lọ sẹ́yìn gan-an. Nígbà míì, ẹ ní láti yọ sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dé ibi tó yẹ. Ẹ tún wọn ọrùn lẹ́yìn náà, torí fífà okùn ti yí padà. Ẹ tọ́jú nọ́ọ̀tì àtijọ́, ẹ má sọ ọ́ nù.

Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ jáàkì (ihò tí kébù ń wọ̀), kó kọ́kọ́ wò ó bóyá béèsì náà ń lo bátìrì. Jáàkì irú béèsì bẹ́ẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, nítorí kébù tí ẹ ki bọ̀ ọ́ ló ń tan bátìrì. Wọ́n gbé ọ̀kan wá fún mi tó ń jẹ bátìrì kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó tún un ṣe ṣáájú mi ti fi jáàkì ẹlẹ́sẹ̀ méjì sí i, ó sì so bátìrì mọ́ ọn pátápátá, kì í kú tọ̀sán-tòru. Bí ẹ bá ti parí orin, ẹ yọ kébù kúrò lára béèsì.

Títà á

Oṣù kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni mo ń tà, nígbà tí òde àríyá bá ti ń pọ̀ tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń múra Kérésì. Oṣù kìn-ín-ní ni mo ń rà, nígbà tí owó ilé ìwé bá dé ọrùn. Mi ò kì í kun béèsì tuntun kí n tó tà á, torí ọ̀dà tuntun ń mú kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rò pé mo ń bo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo máa ń nù ún, mo máa ń fi okùn tuntun sí i, mo máa ń ya àwòrán rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ àárọ̀: iwájú, ẹ̀yìn, orí, gbogbo ibi tó bó, àti ọrùn láti ìdí bí mo ṣe ń fi ojú tọ̀ ọ́. Àwòrán ọrùn yẹn ló ń tà á fún mi jù. Owó tí ẹ ná sórí píkọ́ọ̀pù tàbí ẹ̀rọ inú tuntun kì í padà tán, nítorí náà ẹ fi ti àtijọ́ padà bí ẹ bá ṣì ní i, kí ẹ ta tuntun lọ́tọ̀.

Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n san ìdajì, kí n gbé e lọ," mi ò kì í gbà. Ohun tí mo gbà ni pé kó san owó pé, kó gbé e lọ lọ́jọ́ Sátidé, kó lò ó ní ìsìn ọjọ́ Ìsinmi. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gbé e padà wá láàárọ̀ Mọ́ńdè, kó gba owó rẹ̀. Lọ́dún mẹ́sàn-án, méjì péré ló padà. Mo máa ń kọ ọ́ sínú ìwé rísíìtì: nọ́ńbà ara rẹ̀, ohun tí mo pààrọ̀, ohun tó ṣì kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀, ìwọ̀n okùn tó wà lórí rẹ̀, àti ọjọ́ tí mo yí truss rod kẹ́yìn. Àlẹ́ẹ̀nì kíì tó bá a mu máa ń wà nínú ọ̀rá kan pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àtijọ́, mo sì máa ń so ó mọ́ inú àpò béèsì kó tó kúrò ní ìsọ̀.